Mélòó ló padà wá? Bí a ṣe ń tọpa àwọn tó tún wọlé fún ìtọ́jú oògùn olóró

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú: nínú àwọn tí a dìsáàjì, mélòó ló tún padà sọ́dọ̀ wa nítorí igbó, tíráámù, kòdéènì tàbí ọtí? Ọ̀gá ń béèrè, àwọn tó ń fowó ṣèrànwọ́ ń béèrè, ẹbí aláìsàn náà ń béèrè kí wọ́n tó sanwó. Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń gbà ni "Wọn ò pọ̀ jù," kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Ilé ìtọ́jú tó ń lo fáìlì oníwèé, tó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ni a kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ìṣirò inú rẹ̀ ò le. Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń dojú rú ni mímọ̀ pé ẹni tó wọlé lónìí ni ẹni tó jáde lọ́dún tó kọjá, àti mímọ àwọn tó yẹ kí ẹ fi pín iye tí ẹ rí.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Rẹ́jísítà ìwọlé àti rẹ́jísítà dìsáàjì, ó kéré tán ti ọdún méjì
- Excel tàbí Google Sheets (bí kò bá sí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ wo apá tó kẹ́yìn)
- Ẹnì kan tí iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀, àti ẹnì kejì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò
- Ìwé ojú kan tí ẹ kọ gbogbo ìpinnu yín sí, tí ọ̀gá sì fọwọ́ sí

Ìwé ojú kan yẹn ni ẹ má fojú di. Bí ẹni tó ń ṣe é bá gba iṣẹ́ síbòmíràn, òun ni kò ní jẹ́ kí ẹni tuntun bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀ lọ́nà mìíràn.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ta ni ẹ máa kà sí ẹni tó padà wá?

Ẹ ka àwọn wọ̀nyí:

- Ẹni tó parí ìtọ́jú, tó lọ sílé, tí ẹ tún gbà wọlé nítorí oògùn tàbí ọtí, ì báà jẹ́ oògùn ti àkọ́kọ́ tàbí òmíràn
- Ẹni tó sá lọ tàbí tó fọwọ́ síwèé lọ láìgba àṣẹ dọ́kítà, tó wá padà. Ẹ kà á, àmọ́ ẹ ya tirẹ̀ sọ́tọ̀

Ẹ má ka àwọn wọ̀nyí:

- Ẹni tó wá fún àpọ́íńtìmẹ́ǹtì lẹ́yìn dìsáàjì
- Ẹni tí ẹ gbé láti wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń fọ oògùn kúrò lára lọ sí wọ́ọ̀dù ìtọ́jú gan-an
- Ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá nítorí àìsàn mìíràn tó sì padà
- Ẹni tó gbàyè lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì

Lẹ́yìn náà, ẹ mú iye ọjọ́ tí àlàfo gbọ́dọ̀ pé kí ó tó di ìpadàwá. Ní England, ètò NDTMS tí wọ́n fi ń tọpa ìtọ́jú oògùn olóró máa ń so ìgbà ìtọ́jú méjì pọ̀ di ẹyọ kan tí àlàfo àárín wọn kò bá tó ọjọ́ 21. Ìlànà yẹn bá tiwa mu dáadáa. Ẹni tó fo ògiri lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà padà wá lọ́jọ́bọ̀, kò padà wá. Ìtọ́jú rẹ̀ ló ń bá lọ.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi gbèdéke sí i

Bí ẹ bá kàn ní "ó padà wá" láìsọ iye ọjọ́, àwọn tí ẹ dìsáàjì ní 2019 á máa dà bí ẹni pé wọ́n burú ju ti ọdún tó kọjá lọ, torí pé àkókò tí wọ́n ní láti padà gùn jù. Ẹ mú méjì nínú mẹ́ta yìí, kí ẹ má sì yí i padà láàárín ọdún:

- Ọjọ́ 90: ó ń fi hàn bóyá ẹ ń yára jù láti dìsáàjì, tàbí pé kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé wọn dé ilé
- Ọjọ́ 180: èyí ló súnmọ́ ìdíwọ̀n England, níbi tí wọ́n ti ń wo àwọn tó parí ìtọ́jú dáadáa tí wọn kò sì padà láàárín oṣù mẹ́fà
- Ọjọ́ 365: ó dára fún ìròyìn ọdọọdún, àmọ́ ẹ máa dúró pẹ́ kí ẹ tó rí i

Bí ọ̀gá bá fẹ́ ti ọjọ́ 30 dandan, ẹ ṣe é lọ́tọ̀ láìso ìgbà ìtọ́jú kankan pọ̀. Bí ẹ bá ti so gbogbo èyí tí kò tó ọjọ́ 21, ọjọ́ 10 péré ló kù tí ẹ ń kà, iye tó máa jáde á sì kéré títí tí ẹ ó fi máa yọ̀ lásán.

## Ìgbésẹ̀ 3: Kóòdù tó ń bá ẹnì kan rìn

Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ti ń ṣìnà, ẹ fara balẹ̀.

Orúkọ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹni tó jẹ́ Adébáyọ̀ nígbà àkọ́kọ́ lè jẹ́ Bayo nígbà kejì. Kazeem Adewale á di Adewale Kazeem torí pé akọ̀wé tuntun ló kọ fáìlì. Àwọn mìíràn á mọ̀ọ́mọ̀ pa orúkọ dà, bóyá nítorí ìtìjú, bóyá nítorí gbèsè tí wọ́n jẹ yín lọ. Fóònù ńkọ́? Ẹni tó ń lo oògùn á ti ta fóònù, síìmù á sì bá a lọ. Nọ́ńbà fáìlì tó ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá wọlé ló burú jù: ẹnì kan ṣoṣo á di ẹni mẹ́ta, kò sì sí èyí tó padà wá nínú wọn.

Ẹ fi ohun tí kì í yí padà ṣe kóòdù, báyìí:

1. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìyá. Orúkọ tí àwọn òbí ìyá náà sọ ọ́ ni kí ẹ béèrè. Bí ẹ bá kàn ní "Kí ni orúkọ màmá yín?", "Ìyá Ṣadé" tàbí "Ìyá Ìbàdàn" ni wọ́n máa sọ fún yín.
2. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ bàbá, orúkọ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe orúkọ ìdílé.
3. Ọjọ́ àti ọdún ìbí. Ẹni tó mọ ọdún nìkan, ẹ kọ 00 sí ipò ọjọ́. Ẹ má fi "ọjọ́ kìíní oṣù kìíní" dí àlàfo. Àwọn tí ìwé wọn gbé ọjọ́ yẹn ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀.
4. K fún ọkùnrin, B fún obìnrin.
5. Ipò rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀: 01, 02, 03.

Ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́, tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Sùlàìmọ̀n, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 14 ní 1996, tó jẹ́ ọmọ kẹta ìyá rẹ̀, kóòdù rẹ̀ ni MOSU141996K03.

Ohun karùn-ún yẹn kò ṣeé fò dá, nítorí àwọn ìbejì. Bí ìbejì méjèèjì bá jẹ́ ọkùnrin, láìsí i, kóòdù kan náà ni wọ́n máa ní délẹ̀, àti pé oògùn kan náà lè gbé àwọn méjèèjì dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ sì jọ fẹnu kò sí bí ẹ ṣe máa kà wọ́n. Akọ̀wé kan á ní Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, á kọ ọ́ sí 03. Èkejì á ní Táíwò ló kọ́kọ́ tọ́ ayé wò. Ẹ lo bí wọ́n ṣe jáde: Táíwò 03, Kẹ́hìndé 04. Ìyẹn ò yọ Kẹ́hìndé nípò ẹ̀gbọ́n nílé wọn.

Ẹ má fi àmì ohùn tàbí ẹ̀sẹ̀ sí lẹ́tà kóòdù: Ṣ di S, Ẹ di E, Ọ di O. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé Ṣ àti S lè jẹ́ ìyá kan náà. Kódà Ẹ méjì tó jọra lójú lè yàtọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, torí pé ọ̀nà méjì ló wà láti tẹ̀ ẹ́: bí lẹ́tà odidi kan, tàbí bí E tí a wá fi àmì kún. Ẹ lè wo ìlà méjèèjì títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní rí ìdí tí wọn ò fi bára mu.

Tí kóòdù méjì bá fẹ́ jọra:

- Gbogbo rẹ̀ bára mu: ẹni kan náà ni
- Ohun kan ló yàtọ̀ nínú márùn-ún: kí ẹni méjì ṣí fáìlì méjèèjì, kí wọ́n wo àpá ara, ìlú, àti orúkọ ẹni tó mú un wá
- Ohun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló yàtọ̀: ẹ kà wọ́n sí ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

## Ìgbésẹ̀ 4: Ṣíṣe ìwé náà nínú Excel

Ìlà kan dúró fún ìgbà ìtọ́jú kan. Ẹni tó ti wọlé lẹ́ẹ̀mẹta á ní ìlà mẹ́ta.

- A: kóòdù
- B: ọjọ́ tó wọlé
- C: ọjọ́ tó jáde
- D: bó ṣe jáde (1 parí, 2 lọ láìgbàṣẹ, 3 a gbé e lọ síbòmíràn, 4 kú, 5 a lé e)
- E: oògùn tó gbé e wá jù
- F: ṣé ó ti gba ìtọ́jú rí níbòmíràn?
- G: ọjọ́ tó tún wọlé
- H: iye ọjọ́ tó wà láàárín

Ẹ kọ ọjọ́ báyìí: 2024-03-07. Bí ẹ bá kọ 03/07/2024, kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí ti Amẹ́ríkà á kà á sí oṣù kẹta, tiyín á kà á sí oṣù keje, àlàfo oṣù mẹ́rin á sì yọ jáde láti ibi tí kò sí.

Fọ́múlà méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yòókù:

1. Ní G2: `=MINIFS(B:B,A:A,A2,B:B,">"&C2)`. Èyí ń wá ọjọ́ ìwọlé tó súnmọ́ jù lọ lẹ́yìn dìsáàjì fún kóòdù kan náà.
2. Ní H2: `=IF(G2=0,"",G2-C2)`.
3. Ẹ fa méjèèjì wálẹ̀ dé ìlà tó kẹ́yìn.
4. Ẹ wá gbogbo ìlà tí H rẹ̀ kò tó 21. Nínú ẹ̀dà ìwé náà (kì í ṣe nínú ojúlówó), ẹ gbé ọjọ́ tó jáde àti bó ṣe jáde láti ìlà kejì sí ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ sì pa ìlà kejì rẹ́.

Bí ẹ bá rí ọjọ́ kan tó ní ọdún 1900 tàbí 1899 ní òpó G, ẹ má bẹ̀rù. Òdo ni kọ̀ǹpútà wọ̀ láṣọ ọjọ́. Ẹni náà kò tíì padà wá. Excel tó ti pẹ́ ju ti 2019 lọ kò ní MINIFS. Ẹ to ìwé náà ní A, lẹ́yìn náà ní B, kí ẹ wá kọ `=IF(A3=A2,B3-C2,"")` sí H2. Fọ́múlà tòkè kì í rí ẹni tó jáde tó sì tún wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ojú ni ẹ máa fi wá ìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ìṣirò gan-an

1. Ẹ yan àwọn tí ẹ dìsáàjì láàárín àkókò kan, bí oṣù kìíní sí oṣù kẹfà 2024.
2. Ẹ dúró títí gbèdéke á fi pé fún ẹni tó jáde kẹ́yìn. Ẹni tó jáde ní June 30, 2024, ọjọ́ 180 rẹ̀ pé ní December 27. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣírò ṣáájú ọjọ́ yẹn.
3. Ẹ fi Copy àti Paste Special (Values) sọ òpó G àti H di nọ́ńbà lásán. Ẹ má fo èyí.
4. Ẹ to ìwé ní ọjọ́ tó jáde, kí ẹ wá lo Remove Duplicates lórí òpó A, kí dìsáàjì àkọ́kọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan lè kù. Bí ẹ bá ti fo nọ́ńbà 3 tó wà lókè yìí, ìlà tí ẹ pa rẹ́ ni fọ́múlà ń wò, gbogbo wọn á sì di ẹni tí kò padà wá.
5. Ẹ yọ àwọn tó kú sí wọ́ọ̀dù àti àwọn tí ẹ gbé lọ síbòmíràn.
6. Ẹ ka àwọn tó parí tó sì padà: `=COUNTIFS(H:H,"<=180",D:D,1)`. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú 2 àti 5.
7. Ẹ fi iye àwọn èèyàn ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan pín in.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ ṣe é. Dìsáàjì 60 ló wáyé, àmọ́ èèyàn 52 ló ni wọ́n. Ẹnì kan kú, a gbé ẹni 3 lọ síbòmíràn. 48 ló kù. Nínú wọn, 36 parí ìtọ́jú, 12 lọ láìgbàṣẹ. Láàárín ọjọ́ 180, ẹni 9 padà nínú 36 (ìdá 25 nínú 100), ẹni 6 padà nínú 12 (ìdá 50). Lápapọ̀, 15 nínú 48, ìdá 31.

Nínú ilé kan náà, akọ̀wé kan lè fi 60 pín 15 kó ní ìdá 25. Ẹlòmíràn lè ka iye ìgbà tí wọ́n wọlé dípò iye èèyàn, kó rí 19 nítorí àwọn tó padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kó sì ní ìdá 40. Àwọn méjèèjì á sì gbé nọ́ńbà wọn lọ sí ìpàdé.

Nígbà tí ẹni 36 péré bá wà nínú ìsọ̀rí kan, ẹnì kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta. Bí iye yín bá kúrò ní 25 bọ́ sí 28, kò tíì sí ìròyìn níbẹ̀.

## Ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń fi dípò rẹ̀

"Ṣé ẹ ti gba ìtọ́jú rí?" Ìbéèrè tó dára ni, òpó F la sì ṣe fún un. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù náà máa ń ya àwọn tó wá fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ti gbà á rí. Àmọ́ bí ẹni 40 nínú 100 tó wọlé bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ò sọ pé ìdá 40 nínú àwọn tí ẹ tọ́jú ló ń padà. Ilé ìtọ́jú ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jáde. Àwọn tó ń wọlé ni ìbéèrè yìí ń kà. Ìgbésẹ̀ 5 ń tẹ̀ lé àwọn tó jáde. Ẹ lè gbé méjèèjì jáde, kí ẹ má ṣáà fi ọ̀kan jẹ́rìí èkejì.

## Ìgbésẹ̀ 6: Àwọn tí kò padà ńkọ́?

Ìwé yín kò lè sọ bóyá ara wọn ti dá. Ẹni tí kò padà lè ti wà nílé àdúrà, lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, ní àtìmọ́lé, tàbí kó ti kú. Fóònù nìkan ló lè sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tó bá wọlé:

- Ẹ gba àṣẹ rẹ̀ lórí ìwé pé ẹ lè pè é lẹ́yìn dìsáàjì
- Ẹ gba nọ́ńbà mẹ́ta: tirẹ̀, ti ẹni tó mú un wá, àti ti ẹnì kan tí kò sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀

Ẹ pè é: ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kẹrin, oṣù kẹta, oṣù kẹfà.

Àwọn tó lo tíráámù, kòdéènì tàbí hẹ́róìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ara wọn ti gbàgbé oògùn náà nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín, nítorí náà ìwọ̀n tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ láìsí nǹkan lè pa wọ́n báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ló léwu jù. Ẹ sọ èyí fún àwọn àti ẹbí wọn kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ yín.

Bí ẹlòmíràn bá gbé fóònù, ẹ má dárúkọ ilé ìtọ́jú:

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá Wálé ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."
"Ta ló ń pè wọ́n?"
"Fúnmi ni. Wọ́n mọ̀ mí. Mo máa tún pè wọ́n lálẹ́, ẹ ṣeun mà."

Ó tán. Aya tuntun tàbí lándílọ́ọ̀dù lè jẹ́ ẹni tó wà lẹ́yìn fóònù náà.

Ẹ kọ èsì rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà: 0 kò lo nǹkan kan, 1 ó ti tún ń lò ó, 2 ó ń gba ìtọ́jú níbòmíràn, 3 ó wà ní àtìmọ́lé tàbí ẹ̀wọ̀n, 4 ó ti kú, 9 a ò rí i. Ẹ má sọ 9 di 0. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀, ó sì máa ń mú kí ilé ìtọ́jú tí kì í pe ẹnikẹ́ni dà bí èyí tó dára jù lọ.

## Àṣírí wọn

Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ara ohun tó yẹ kí a dáàbò bò lákànṣe. Nítorí náà:

- Ìwé tó so orúkọ mọ́ kóòdù, ẹ tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù. Excel tó ní kóòdù ni kó wà nínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà
- Ẹ má fi èyíkéyìí nínú wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kódà sí ọ̀gá
- Ìsọ̀rí tí kò pé ẹni márùn-ún, ẹ kọ "kò tó 5" sínú ìròyìn. Obìnrin kan ṣoṣo tó lo hẹ́róìnì láti ìlú kékeré kan, gbogbo ìlú ló máa mọ̀ ọ́n
- Ẹni tó bá wá béèrè orúkọ lẹ́nu lásán, ipòkípò tó wà, ẹ ní kó mú ìwé wá fún ọ̀gá

## Bí nọ́ńbà bá yí padà, ibi tí ẹ máa wò

Kí iye náà lọ sókè lè jẹ́ ohun rere. Ẹni tó ṣubú, tó tètè padà wá kó tó bàjẹ́ jù, ṣì wà láàyè, ó sì fọkàn tán yín. Bó bá sì lọ sílẹ̀, ẹ má tíì pọn ara yín lé.

- Ó lọ sílẹ̀ lójijì: ṣé ẹ fowó lé iye ìtọ́jú? Ṣé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń bú àwọn tó ń padà wá?
- Ti ọjọ́ 90 ga, ti 180 kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé ni ìṣòro, ẹ wo bí ẹ ṣe ń múra wọn sílẹ̀
- Àwọn tó lọ láìgbàṣẹ ló ń padà jù: ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n sábà máa ń sá. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìrora ìjáwọ́ ni wọn ò rí oògùn tó tó fún
- Oògùn kan ṣoṣo ló fa ìyàtọ̀: ẹ ya òpó E sọ́tọ̀ kí ẹ tó sọ ohunkóhun

Ẹ kọ ọjọ́ tí owó, dọ́kítà tàbí òfin ilé bá yí padà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ojú kan yẹn. Láìsí i, lẹ́yìn ọdún kan, kò sẹ́ni tó máa rántí.

## Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà

Páálí kan àti káàdì lè ṣe é, pàápàá bí àwọn tí ẹ ń dìsáàjì kò bá ju 10 lọ lóṣù.

1. Ẹ gé páálí líle 12, ẹ kọ orúkọ oṣù sí wọn lórí, kí ẹ tò wọ́n sínú páálí kan.
2. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì kan ṣoṣo, kóòdù lókè lápá ọ̀tún.
3. Lọ́jọ́ dìsáàjì, ẹ kọ ọjọ́ náà sí i, kí ẹ fi káàdì sẹ́yìn oṣù tí ọjọ́ 180 rẹ̀ máa pé.
4. Nígbàkígbà tí ẹ bá gba ẹnì kan wọlé, ẹ kọ́kọ́ wá kóòdù rẹ̀ nínú páálí. Bó bá wà níbẹ̀, tí àlàfo sì ti pé ọjọ́ 21, ẹ yọ ọ́, ẹ kọ ọjọ́ tó padà sí i pẹ̀lú bírò pupa, kí ẹ gbé e sí àpò "padà wá".
5. Bí oṣù kan bá parí, ẹ ka àwọn káàdì tó ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn yẹn ni kò padà. Ẹ kọ iye wọn sílẹ̀, kí ẹ kó wọn fún ẹni tó ń pe fóònù.